Ṣúgà Àpótí Oògùn Tí Mo Jẹ, Tí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ Ru Ẹ̀bi Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn kíláàsì àgbà yìí, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún méjì. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá, mo sì ti yí orúkọ àwa tó wà nínú rẹ̀ padà kí wọ́n má bàa dá wa mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé nọ́ọ̀sì wa ní kí n wá kọ́ àwọn ará abúlé bí mo ṣe fi ṣúgà sílẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń yìn mí. Ìyìn náà ń yún mi lára bí yèrèpè.

Èmi ni délégé, olórí ìgbìmọ̀ abúlé wa ní apá Idigny, nílẹ̀ Kétu. Oko àgbàdo mi kò lẹ́gbẹ́. Oṣù méje péré ni mo fi kọ́ ìwé tí mo ń kọ yìí, àwọn tó lo ọdún mẹ́ta ṣì ń bi mí léèrè. Mi ò fọ́nnu, òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ṣúgà borí mi. Horo mẹ́jọ ni mo fi ń mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Tí mi ò bá rí i, orí á máa fọ́ mi, màá sì máa jágbe mọ́ àwọn ará ilé. Nígbà tí wọ́n ti bodè Nàìjíríà, ṣúgà di ọ̀wọ́n lọ́jà.

Àkókò náà ni nọ́ọ̀sì gbé àpótí oògùn wá sí abúlé. Ṣúgà àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ìyá Àbẹ̀kẹ́, agbẹ̀bí wa. Èkejì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Horo méjì ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ní màá dá a padà lọ́jọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà pé, mi ò rí ṣúgà rà. Mo tún mú mẹ́rin. Kí oṣù tó parí, páálí náà ti ṣófo.

Ọmọ Làmídì, ọmọ ọdún kan, wá yàgbẹ́ títí ojú rẹ̀ fi wọlé. Wọ́n ṣí àpótí, iyọ̀ nìkan ni wọ́n bá. Bàbá rẹ̀ fi alùpùpù gbé e lọ sí Kétu. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún lè dá jókòó.

Wọ́n pe ìpàdé. Ẹ mọ ìpàdé wa láyé ìjọba àwọn kámárádì yìí: kálukú gbọ́dọ̀ dìde kó ka àṣìṣe ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò ní, òun ni wọ́n á fura sí jù. Èmi ni mo darí ìpàdé náà. Mo béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní, "Èmi àti ìwọ ni, délégé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ṣé irú èmi yìí lẹ rò pé á máa lá ṣúgà bí ọmọ ọwọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Làmídì ní, "Ẹni tó ń ro oko mẹ́ta! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi!"

Ìyá dìde bí wọ́n ṣe ń ṣe nípàdé, ó ní àṣìṣe òun ni pé òun kì í yẹ àpótí wò. Kíá, mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ó ti jẹ́wọ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọkàn tán an mọ́, Kétu làwọn aboyún wa ń lọ bímọ sí.

Ìtìjú yẹn ló mú mi dojú kọ ṣúgà. Mo kọ́kọ́ búra pé mi ò ní fẹnu kàn án mọ́ láé. Lọ́jọ́ kẹta, mo ra ìgò oyin lọ́wọ́ ọdẹ kan, mo sì mu ún tán lójú ọ̀nà. Mo rí i pé ìbúra ò ràn án. Mo wá ń dín in kù: horo méje láàárọ̀ láti ọjọ́ ọjà kan dé òmíràn, lẹ́yìn náà mẹ́fà. Nígbà tó ku mẹ́ta, mo dúró síbẹ̀ fún oṣù méjì nítorí pé ara mi kọ̀. Mo ń fi ẹ̀pà sísun mu ẹ̀kọ. Tí ọ̀fun bá ń yún mi, mo ń mu ọsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣúgà tún borí mi níbi ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo padà sí iye tí mo wà tẹ́lẹ̀. Horo kan ló kù báyìí, ọjọ́ mìíràn kò tiẹ̀ sí. Ẹ wá ẹlòmíràn tó lè ṣe é lábúlé wa, ẹ ò ní rí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Ìyá Àbẹ̀kẹ́ nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò dá ọ̀bẹ dúró.

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Àbí kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà ni?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Inú ìpàdé ni mo ti gba ìtìjú. Inú ìpàdé ni kó o ti wá dọ̀bálẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi lóyún, ọkọ rẹ̀ ò gbà kí n fọwọ́ kàn án."

Ìyẹn ni mi ò tíì lè ṣe. Tí mo bá sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n á yọ mí nípò, àwọn ọmọdé á sì máa fi mí kọrin. Mo ní kí n kàn bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un láìsọ ìdí. Ìyá ní òun ò fẹ́ kọ́kọ́rọ́, orúkọ òun lòun fẹ́.

Oyún Àbẹ̀kẹ́ ti pé oṣù mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó bí. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Tí kò bá sí, ẹ má fi pa mọ́ fún mi, kí n lè dìde.