Omi Ṣúgà Ni, Kì í Ṣe Ààlè

Jàrátù! Jàrátù ọmọ Ndanusa! Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo rí ọ. Mo ti rí ọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà lọ́hùn-ún tí o ti ń fa ìborùn bojú, tí o ń gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kọjá bí ẹni tó ń sá fún ajá. Dúró níbẹ̀! O ò ní kọjá lónìí. Ọjọ́ méjìlélógún, Jàrátù, mo ń kà á! Ọjọ́ méjìlélógún tí o kò fi ẹsẹ̀ tẹ inú ọgbà mi, ìwọ tí o ti ń wá jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ yìí láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti bí Láńre, tí Láńre fúnra rẹ̀ sì ti ń hu ewú báyìí. Kí ni mo ṣe? Ta ni mo pa?

O ní kí n má pariwo? Màá pariwo! Kí gbogbo Òmù-Àrán gbọ́! Omi ṣúgà ni! Ife ṣúgà kan, ife omi mẹ́rin, mo sè é, mo jẹ́ kó tutù, mo dà á sínú ìgò pupa tí Láńre fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ẹyẹ ni mo ń pè. Mo ní ẹyẹ! Mo fi Bíbélì búra, mo tún fi tìrẹ kún un, wàláì!

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ló fà á, ọmọ Láńre, èyí tó máa ń kí ọ lórí fóònù mi. Ó rí ẹyẹ kan nínú fóònù bàbá rẹ̀, ẹyẹ ìlú Amẹ́ríkà, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ń dúró sójú kan lófuurufú, ó ń ti ẹnu bọ òdòdó, ó ń fa omi inú rẹ̀ mu. Ó ní, Màmá, ṣé ẹ ní i nílé? Mo ní èyí gan-an kò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n a ní èyí tó jọ ọ́, àwọn kéékèèké tí ọrùn wọn ń dán, tí ẹnu wọn gùn tó sì tẹ̀, tí wọ́n máa ń rọ̀ mọ́ òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé bàbá mi. Ló bá ní òun ń bọ̀ wá wò ó ní Ọdún Àjíǹde. Jàrátù, ọmọ tí kò wálé láti ọdún mẹ́ta! Bí mo bá ní kí wọ́n mú un wá, wọ́n á ní kò sí iná, wọ́n á ní ẹ̀fọn pọ̀, wọ́n á ní ọ̀nà kò dára. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ní òun ń bọ̀ yìí, nítorí ẹyẹ! Ṣé kí n wá ká ọwọ́ lẹ́rán kí ó dé kó má bá ẹyẹ kankan?

Ni ìgò bá dé, mo so ó rọ̀ sára ẹ̀ka igi àgbálùmọ̀ yìí. Ni ọmọ bá ń kọ́ mi lórí fóònù, èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD! Ó ní ẹyẹ yẹn fẹ́ràn nǹkan pupa, kí n so nǹkan pupa mọ́ igi kí wọ́n lè rí i láti òkè. Mo fa gèlè pupa mi àtijọ́ ya, mo so ó mọ́ igi àgbálùmọ̀, mo so ó mọ́ igi ọsàn, mo so ó mọ́ òpó ẹnu kànga. Ó ní èèrà á bo ìgò, kí n so ife kékeré kan sókè rẹ̀, kí n bu omi sí i, wọn ò ní lè kọjá. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ife tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Mo mú ìkarahun ìgbín. Ó ní ẹyẹ tiwa kì í dúró lófuurufú, ó fẹ́ ibi tí yóò bà lé. Mo mú ṣùkù àgbàdo, mo fi okùn dè é sábẹ́ ìgò. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, inú mi dùn, mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo. Má wò mí bẹ́ẹ̀! Mo mọ ààlè! Ta ni wọ́n bí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí kò mọ ààlè? Bàbá mi máa ń fi í sórí igi ìdáná, sórí iṣu tó bá wà lóko, kí olè tó bá fọwọ́ kàn án mọ̀ pé ohun tójú òun bá rí, òun ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ló wà lọ́kàn tèmi! Ṣé ẹni tó ń ronú ẹyẹ tún máa ń ronú olè ni?

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó wá pọn omi. Mo ní bóyá ẹ̀rọ omi wọn ti ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ tó máa ń gba àárín ọgbà mi lọ sí ilé ìwé ti ń yí gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹlẹ́kọ mi dúró lójú títì, ó ju ẹ̀kọ sí mi! Bẹ́ẹ̀ ni, ó jù ú, mo sì hán an, ní ọjọ́ orí mi yìí!

Lọ́jọ́ karùn-ún ni Ọlágúnjú wá, káfíńtà tó wà lẹ́yìn ògiri mi. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó gbá àkùkọ méjì mọ́yà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kì í ṣe èmi ló dọ̀bálẹ̀ fún o, igi àgbálùmọ̀ ló dọ̀bálẹ̀ fún! Ó ní àwọn àkùkọ mi méjì tí òun ní àṣá gbé níjelòó, kì í ṣe àṣá, òun ni, òun ti jẹ wọ́n, àwọn tí òun fi rọ́pò nìyí, kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun tú u. Kí n tú kí ni? Mo ní, Ọlágúnjú, omi ṣúgà ni. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni mà, omi ṣúgà ni mà, òun gbà mà, kí n ṣáà tú u.

Àhmádù ọlọ́kadà gbé okùn kànga mi wá, kò tilẹ̀ pa ọ̀kadà, ó jù ú sílẹ̀ ó sá lọ. Olórí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé òróró dé, ó ní wọ́n ti wá fi ẹjọ́ mi sùn òun pé mo ti padà sídìí òrìṣà. Ó dúró sójú títì, ó gbàdúrà títí òógùn fi bò ó, ó wọ́n òróró sára géètì, nígbà tó fẹ́ máa lọ, ló bá fa agboòrùn mi yọ lábẹ́ aṣọ! Agboòrùn tí mo ti ń wá láti ọjọ́ ìkórè! Ó ní òun rò pé òun ti dá a padà. Ẹnìkan gbé ọmọ odó sẹ́nu géètì, mi ò tíì mọ̀ pé ó sọnù. Ẹlòmíràn gbé ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣe tèmi! Mi ò ní irú rẹ̀ rí! Ó ti gbé ti oníkálùkù débi pé kò mọ ti ta ni ti ta mọ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi, mo tún fi ṣúgà sí i, wo ohun tí mo tẹ̀!

Ẹ̀rín ń pa ọ́. Rín in. Èmi náà ì bá rín in, bí mo bá rí ẹni bá mi rín in. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, Jàrátù. Bàbá Láńre ti lọ, ọmọ wà ní Èkó, ilé yìí tóbi fún ènìyàn kan. Bí géètì bá ti dún, màá ní Jàrátù ti dé, kó wá jẹ́ pé atẹ́gùn ni. Mo ṣì ń po tíì ife méjì láràárọ̀, èmi náà ni mo ń mu méjèèjì. Àgbálùmọ̀ ń já lulẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń rà mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣà á. Bí ará ìlú bá sá, ẹ̀rù yẹ wọ́n, olè ni gbogbo wọn. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ mú nílé mi tí o fi ń sá?

Ṣííì, má dáhùn, má mira! Wo orí ṣùkù. Ó ti dé! Wo ọrùn rẹ̀, Jàrátù, wo bó ṣe ń dán! Wo bó ṣe ń ti ẹnu bọ ìgò náà! Ẹ̀ẹ̀kẹrin rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Òun nìkan ló ń wọ ilé mi láìfòyà, nítorí òun nìkan ni kò jí nǹkan mi rí... Ó ti lọ. Yóò padà wá. Ọpẹ́ á rí i.

Ó dáa, wọlé. Mo ní wọlé. Àga rẹ wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń nù ún. Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́? Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ sí ọjà Àjàṣẹ́ níjẹta? O fẹ́ lọ kírun? Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ìrun wo nìyẹn? Kí ló dé tí o dúró gbagidi bí ère Èsìẹ́, tí o ò wojú mi, tí o kàn ń wo igi àgbálù...

Jàrátù.

Jàrátù, wojú mi. Àwọn ti ẹ̀ka òkè lọ́dún tó kọjá. Àwọn tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ọpẹ́, tí mo jí lọ́jọ́ Sátidé tí mi ò bá ẹyọ kan. Ìwọ lo ní àwọn ọmọ ilé ìwé ni! Ìwọ lo bá mi ṣépè, lábẹ́ igi yìí gan-an! Mo ní ẹni tó ká a, kí inú máa run ún fún ọjọ́ méje, ìwọ lo ṣe àmín, àmín rẹ tilẹ̀ ròkè ju tèmi lọ! O sì dùbúlẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan! O ní ibà ni! Èmi ni mo ń gbé ọbẹ̀ wá bá ọ! Èmi ni mo bá ọ fọ aṣọ!

O ní kí ni? Sọ ọ́ sókè. O ní oṣù ààwẹ̀ ni? Pé láràárọ̀ tí o bá jókòó síbẹ̀, ojú rẹ á máa rí i, ẹnu rẹ á máa domi, títí sùúrù rẹ fi tán? Háà! Ọlọ́run ni o gba ààwẹ̀ fún, àgbálùmọ̀ mi lo fi ṣínu! Mélòó lo jẹ? Gbogbo rẹ̀? Sínú ikùn òfìfo? Yéè, ẹ gbà mí o, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Ẹ bá mi di ìhà mi mú!

Ó tó, ó tó, nu ojú rẹ. Èpè ọjọ́ yẹn ti jẹ́, ó ti tán, o ti fi ọjọ́ méje san án. Wò ó, mo ń tú ìgò náà sílẹ̀, mo ń mu ún. O rí i? Ó dùn. Mo ṣì wà láàyè. Wọlé, ìwọ olè mi yìí, wá ṣa tìrẹ kún inú ìborùn kó tó rà tán. Ṣùgbọ́n mò ń so ó padà o! Mi ò ní tú u láéláé, Ọpẹ́ ń bọ̀, ẹyẹ ti ń wá, ó sì tún ku ẹnìkan tí kò tíì yọjú, ẹni tó gbé ṣọ́bìrì Bàbá Láńre. Ẹ̀n-ẹ́n, rọra gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó káre, gbé èkejì...

Jàrátù? Kí ló dé tí o tún fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn?