Ọmọbìnrin Tó Ní Kí Wọ́n Yọ Jíà Kẹ̀kẹ́ Òun

Mo jókòó sí ìsọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní Amukoko, mò ń dúró kó lẹ táyà mi, nígbà tí ọmọbìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ tuntun dé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ bá mi yọ jíà ẹ̀, kó ku ẹyọ kan."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Bàbá gbé sùpánà sílẹ̀. "Lọ pe màmá ẹ wá kó ṣe ẹlẹ́rìí. Kẹ̀kẹ́ tó bá gbé jíà mẹ́jọ wọ ìsọ̀ mi, tó wá gbé ẹyọ kan jáde, gbogbo àdúgbò á ní mo ti jí méje tà."

"Sà, torí eré ìje ni. Inú ẹrẹ̀ la ti máa ń gùn ún. Ẹrẹ̀ máa ń há sáàárín jíà púpọ̀, àwa kan wá ń lo ẹyọ kan ṣoṣo."

"Tí ẹrẹ̀ bá wá jìn ńkọ́?"

"Màá sọ̀kalẹ̀, màá gbé e kọ́ èjìká, màá máa sáré lọ. Wọ́n tún máa ń fi pákó dínà fún wa. Ìyẹn náà, a máa ń gbé e fò ó ni."

"Ìwọ lo máa gbé kẹ̀kẹ́?"

"Gbogbo wa ni, sà."

Bàbá wo kẹ̀kẹ́, ó wo èjìká ọmọ náà, ó tún mú sùpánà ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi béèrè, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ohùn yẹn ò tíì kúrò létí mi:

"Ó dáa. Ṣé kí n kúkú bá ẹ yọ táyà méjèèjì náà, kó lè fúyẹ́?"