Ìran Tí N Kò Rí Lórí Ìwé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọmọ́ládé

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ dá orin yẹn dúró ná. Wòlíì Japhet, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí wọ́n jókòó. Ẹ pè mí síwájú pé kí n wá jẹ́rìí, torí ẹ rí i pé mo tún ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn. Ṣùgbọ́n n kò sàn, dókítà ti sọ tèmi fún mi. Kíndìnrín mi ti ṣíwọ́, n kò ní í rí ọdún tuntun. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a; tèmi ti lo ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti jẹ mí dé egungun. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Aríran, ẹ gbọ́ ohun tí èmi Àbíkẹ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ́dún 1979.

Ọmọ́ládé, ọmọ àbúrò mi tó dolóògbé, ni mo gbà tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Sabon Gari ní Kano níhìn-ín ló dàgbà sí. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Haúsá ló sábà fi ń dá mi lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ dùn nídìí ọbẹ̀ débi pé àwọn oníṣòwò aṣọ máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ọjà Kantin Kwari wá jẹun nílé oúnjẹ mi. Bí wọ́n bá ti wọlé, "Ina yarinyar?" ni wọ́n ń bi mí, ọmọbìnrin yẹn dà? Èmi tí mo ni ilé oúnjẹ, wọn kì í béèrè mi. Ṣùgbọ́n bàọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ló wà lọ́kàn ọmọ náà. Tó bá ń gé ẹran, yóò yọ ọkàn sọ́tọ̀, yóò là á sí méjì, yóò máa fi ìka tọ ihò inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé àkèré wálé nínú ìgò, wọ́n ti la inú rẹ̀, ó ń léfòó nínú omi òògùn. Mo figbe ta. Tíṣà rẹ̀, Místà Bartholomew, tó ń jẹun lọ́wọ́ lọ́dọ̀ mi, bú sẹ́rìn-ín: "Madam, na frog. Na so we dey learn where heart dey. Dis your pikin go be big teacher." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wá ìdérí tó bá ìgò náà mu. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti wúwo jù.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló gbà á fún bàọ́lọ́jì, ọ̀kan ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Kano níbí. Ti Ìlọrin ló wù ú. Ó ní maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tójú kò lè rí, pọ̀ níbẹ̀, pé òun á lè dá jókòó ti ọ̀kan. Èmi sì ń rò ó pé tó bá lọ Ìlọrin, ta ni yóò sebẹ̀? Tó bá dúró ní Kano, yóò dáná kó tó lọ, yóò sì tún dáná tó bá dé. Àgbà òṣìkà ni mí, ẹ má wá orúkọ mìíràn fún mi.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é níbí. A kó ìwé méjèèjì sábẹ́ Bíbélì lórí pẹpẹ, èmi aríran sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ilẹ̀ àánú, ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún àdúrà, kí n lè mọ èyí tí Ọlọ́run yàn. Ọmọ́ládé ló ń gbé omi ìyè, omi tí a gbàdúrà sí, wá fún mi. N kò rí nǹkan kan. Ooru Kano mú, ebi ń pa mí, mo sùn lọ fọnfọn. Lọ́jọ́ kẹta, nínú ìsìn ọ̀sán, mo gbọn jìgìjìgì, mo ké pé mo rí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin, mo rí pósí, Kano ni Olúwa wí. Gbogbo yín ké halelúyà. Ìgbà náà ni ọmọ náà dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Mama, barci kika yi. Oorun lẹ sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé omi wá, ẹ ń hanrun."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Mo sáré délé, mo fa ìgò àkèré yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo gbé e sókè níwájú yín: "Àjẹ́ lọmọ yìí, ẹ wo ohun tó ń bọ! Òun ló ń dí mi lójú ìran!" Wòlíì Japhet, ẹ bi mí, ẹ ní, "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Mo wò yín lójú kòrókòró, mo parọ́.

Ẹ dè é tọwọ́tẹsẹ̀ sórí ilẹ̀ àánú. Ọjọ́ mẹ́ta la fi nà án. Imọ̀ ọ̀pẹ lẹ kọ́kọ́ lò. Nígbà tó já tán, ẹ mú bùlálà. Ẹ fín ata sí i nímú. Ẹ ní kó dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń ka ohun tó wà nínú àkèré fún yín, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ wò ó: "Ọkàn rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ìfun rẹ̀ nìyẹn." Ẹ rò pé ó ń jẹ́wọ́ àwọn èèyàn tó ti pa jẹ, ẹ tún nà án sí i. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bó bí èèpo iṣu sísè. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé mi, mo sì ń ṣe àmín. Lọ́jọ́ kẹta ọwọ́ ro àwọn ọkùnrin, wọ́n ní kí a tú u sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé yóò tún sọ̀rọ̀. Mo gba bùlálà lọ́wọ́ wọn. Mo nà án lórí, mo nà án lọ́rùn, mo ń ké, "Jáde! Jáde!" Ó yíjú sí mi, kò sunkún mọ́. Ó ní, "Mama, ẹ̀yin lẹ wá ìdérí ìgò yẹn." Mo fi gbogbo agbára mi nà án lójú. Ẹnu bùlálà wọ ojú ọ̀tún rẹ̀, ẹyinjú náà fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sí sùtánà mi, ẹ̀yin sì ń jó pé ẹ̀mí àìmọ́ ti jáde.

Nílé ìwòsàn, mo ní igi ìdáná ló ta bà á. Místà Bartholomew wá mi wá lẹ́ẹ̀mejì: "Madam, school don resume o. Where Ọmọ́ládé?" Lẹ́ẹ̀kejì mo da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀. Ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì, mo tì wọ́n síná lábẹ́ ìkòkò ìrẹsì. Ohun tí mo fẹ́ náà ni mo rí gbà. Obìnrin olójú kan tó ń bu ọbẹ̀ fún yín lọ́dọ̀ mi, tí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni, òun ni. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo igbá lórí mi. Ẹ̀yin òbí, bí ìwé bá wu ọmọ yín, ẹ má gbé e wá fún aríran kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀ fún un ní kíṣìnnì. Ó ní, "Mama, ẹ dìde. Kì í ṣe ibí lẹ ti pè mí lájẹ̀ẹ́." Ó ní kí n lọ sọ ọ́ níbi tí mo ti sọ ọ́. Ọmọ́ládé, ìwọ kì í ṣe àjẹ́. Mo parọ́ mọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Dárí jì mí bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, n kò ní ẹnu.

Ẹ̀yin tí ẹ mú bùlálà lọ́jọ́ náà, ẹ wà níbí, mo ń rí yín. Ọmọ́ládé dúró sóde, lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ẹ jáde lọ bá a. Ẹ má pè é wọlé.