Ọjọ́ Tí Kíláàsì Kẹjọ Jókòó

Ẹ̀yin ará abúlé mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ pé jọ láti bá mi ṣe ìdágbére, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí kà á dé ìdí kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ yín. Ẹ ti kọ oríyìn mi sílẹ̀, ẹ ti fún mi lórúkọ tí kò tọ́ sí mi, bóyá ẹ ti fi òdòdó ṣe ẹ̀gbà ọrùn dè mí. Àwọn dókítà ní Apia, olú-ìlú wa, sọ pé kíndìnrín mi méjèèjì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ara tó ti ń ru irọ́ láti ọdún mẹ́tàlélógún, ó yẹ kó rẹ̀ ẹ́. Òótọ́ kan wà tí mo ti jókòó lé lórí láti ìgbà náà, ó sì ti gún mi nídìí tó. Òní ni mo fẹ́ dìde kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ rántí èmi Pesamino nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé yín. Ẹ rántí ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, tí ìyàwó mi máa ń fi sítáàṣì sí títí yóò fi lè dá dúró láìsí èmi nínú rẹ̀. Ẹ rántí ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní Suva lókè òkun, tí mo fi gíláàsì bò, tí mo gbé kọ́ sára òpó. Nígbà tí ìjì ńlá wó ilé-ìwé wa, ìwé ẹ̀rí yẹn ni mo kọ́kọ́ sá gbé kí n tó ka àwọn ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré nìyẹn. Mo kàn fi ń tún ọ̀nà ṣe ni.

Lẹ́yìn ìjì náà, a kó kíláàsì kẹjọ méjì pọ̀ sínú ilé ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, òpó àti òrùlé lásán, kò sí ògiri. Ọmọ méjìlélógójì. Àwọn kan ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n àwọn mìíràn. Wọ́n á ti oko kókò dé tòun tàdá, wọ́n á sì sùn. Àwọn tí kò sùn á máa fò jáde láàárín òpó bí ewúrẹ́. Ọgbọ́n ìkọ́ni tèmi kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Jókòó." Mo fi ẹnu sọ ọ́, mo fi ìgbálẹ̀ sọ ọ́ sí wọn lẹ́yìn. Wọn kò jókòó. Olùkọ́ mẹ́ta ni wọ́n lé lọ láàárín ọdún kan; ẹ̀kẹta sunkún kó tó lọ, nítorí ẹnu ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Lagi, ọmọ-ọmọ agbẹnusọ ìlú.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé Fuatino wá láti erékùṣù Manono. Obìnrin kékeré ni, okùn sílípáàsì rẹ̀ ti já, ó fi wáyà dè é. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò kọ́ wọn ní nǹkan kan; ó kàn ń tẹ̀ lé wọn kiri. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wá bá mi.

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ yín ò ya òpè o."

"Ta ló ní wọ́n yòpè? Olóríkunkun ni mo pè wọ́n."

"Mo bi wọ́n pé kí ni ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ti mẹ́rìnlélógún, wọ́n ń wò mí bíi pé mo sín. Lánàá, mo rí àwọn kan náà létí òkun. Wọ́n pín ẹja mẹ́rìnlélógún fún ilé mẹ́fà. Ilé tó ní arúgbó gba tiẹ̀, ilé tó ní aláboyún gba tiẹ̀, ẹnì kankan ò bínú. Èmi gan-an ò lè pín in bẹ́ẹ̀."

"Ẹja ò sí nínú ìwé ìjọba, Fuatino."

"Á débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, sà."

Ó sì débẹ̀. Ó kó kíláàsì lọ sí etí òkun. Àwọn tí kò lè jókòó, ó fi wọ́n ṣe ẹni tí ń gbé ìpín sáré láti ibì kan dé ibì kan. Bí wọ́n bá gbé e dé ibi tí kò yẹ, ìṣirò ni wọ́n yóò fi gbà á padà. Àwọn tó ń sùn ló fún ní ọ̀bẹ. Ó yẹ kí ẹnì kan máa ké ìpín, kó máa pariwo ohun tó kan olúkúlùkù, bí a ti ń ké e níwájú àwọn olóyè, ó sì fi Lagi ṣe é, pẹ̀lú àdéhùn kan: ohun tí o bá máa ké, o gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ẹnu tí wọ́n ti ń nà án nítorí rẹ̀ láti kékeré, Fuatino sọ ọ́ di iṣẹ́. Láàárín oṣù méjì, Lagi ń kọ ojú ìwé mẹ́ta lójúmọ́ kó bàa lè rí nǹkan pariwo.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì náà: bí ọmọ kan bá ní tíṣà ṣì í, gbogbo iṣẹ́ á dúró, ọmọ yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́. Inú ìwé kan tó ní èèpo búlúù ni Fuatino ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ọmọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó dán wò, ibi tó ti kùnà, ohun tó yí padà. Mo rántí ti Lagi: "Má ṣe ní kó dákẹ́. Fún un ní ohun tó máa sọ." Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbé ìwé náà wá kí n fọwọ́ sí i. Èmi náà ń fọwọ́ sí i, ọwọ́ mi ń dùn mí, nítorí n kò rí àṣìṣe kankan.

Ẹ mọ ohun tó kàn. Gbẹ̀rẹ̀fútù sísun tí àwọn òbí máa ń gbé wá sílé mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé Fuatino lọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bi ìyàwó mi pé, "Ṣé ọkọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé Fuatino?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Mo dárí ji ẹni tó béèrè. Ẹ̀rín yẹn ni n kò dárí jì.

Etuale, alábẹ̀wò ilé-ìwé, tí a jọ kàwé ní Suva, dé láti bẹ̀ wá wò. Ó ka ìwé aláwọ̀ búlúù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kòkó tí ìyàwó mi pò fún un sì tutù níwájú rẹ̀.

"Pesamino, o mọ̀ pé tí nǹkan báyìí bá máa dé Apia, orúkọ kan ló gbọ́dọ̀ gbé e?"

"Orúkọ Fuatino ńkọ́?"

"Ti obìnrin oní-sílípáàsì yẹn? Ọ̀rẹ́ mi, ta ni ọ̀gá ilé-ìwé níbí? Ṣá rí i pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣubú kì í dúró de ẹni tí yóò tì í.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ilé-ìwé tuntun ń bọ̀. Fuatino fẹ́ kí kíláàsì kẹjọ pín odindi ẹlẹ́dẹ̀ níwájú gbogbo olóyè, kí wọ́n fi ìṣirò hàn lórí pátákó, kí Lagi ké e. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé ọmọ Manono ni Fuatino, tó sì mọ̀ pé bí abúlé ṣe yàtọ̀ ni ìpín ń yàtọ̀, ó wá bi mí.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ olóyè. Lọ́dọ̀ tiyín, ta ló ni ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀?"

Gbogbo ẹ̀yin tó wà níbí mọ èsì. Níbòmíràn, Baálẹ̀ ló ni ẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, agbẹnusọ ló ni ín, nítorí pé ẹ̀yìn ni baba ńlá rẹ̀ fi gbé Baálẹ̀ tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ ilé wọn, bí ẹni ní wọn kò gbé ẹnikẹ́ni rí ni. Èmi tí mo mọ èyí, mo tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe, mo ní, "Bíi ti gbogbo ayé ni. Baálẹ̀."

Lagi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé pátákó dání. Ó gbọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, Fuatino padà wá.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Lagi ní ti bàbá-bàbá òun ni ẹ̀yìn. Ẹ sì mọ òfin kíláàsì wa."

"Fuatino, ta lo máa gbà gbọ́? Èmi olóyè, àbí ọmọ tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì? Ilé wọn ló ń wá bí wọ́n ṣe máa fi ẹnu ọmọ ja Baálẹ̀ lólè. Ṣé o fẹ́ bá wọn lọ́wọ́ sí i ni?"

Mo rí i tó ń wò mí, bí ẹni tó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti le kó lè tẹsẹ̀ lé e. Ó gbà mí gbọ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, kò gbọ́ ti ọmọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn, òun nìkan sì ni ohun tí mo kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́dún náà.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ gé ẹlẹ́dẹ̀ náà bí ẹni tó ń ya àwòrán. Ìṣirò tò lórí pátákó, kò sí àléébù. Lagi dìde, ojú rẹ̀ ti wú, ó ké e pé: "Ẹ̀yìn, ti Baálẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ bàbá-bàbá rẹ̀. Baálẹ̀ kò fọwọ́ kan ẹran. Agbẹnusọ fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Lagi. Ta ló ní kí o ké e bẹ́ẹ̀?"

Fuatino dìde kí ọmọ náà tó lanu. "Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ìwọ tíṣà, àlejò ni ọ́. Ṣé o ò rí ẹni bi ni?"

Fuatino yíjú sí mi. Kò wò mí bí ọ̀tá. Ó wò mí bí ẹni tó fi ẹrù síni lọ́wọ́ tó ń retí kí a gbé e jáde. Èmi sì sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Bàbá, kò bi mí. Ká ní ó bi mí ni, ṣé èmi ni n kò ní mọ̀?"

Lagi ní, "Sà, ẹ sọ fún—"

Mo ní, "Jókòó."

Ó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọmọ yẹn jókòó nítorí pé mo ní kó jókòó. Bí ìwà burúkú mi bá ní àjà, ibẹ̀ ni mo dé lọ́jọ́ náà.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Fuatino fi ẹní àtàtà bo ara rẹ̀, ó jókòó síwájú ilé agbẹnusọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó tẹrí ba, ó ń dúró de ẹni tí yóò ká ẹní náà kúrò lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló hun ẹní ọ̀hún. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kọjá. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ti oko bọ̀. Ó fi àdá rẹ̀ lélẹ̀, ó jókòó tì í. Òmíràn dé. Ìgbà tí oòrùn gun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti di mọ́kànlélógójì. Lagi ló jáde kẹ́yìn, láti inú ilé tí wọ́n ń bẹ̀ gan-an, ó rá wọ abẹ́ ẹní lọ bá tíṣà rẹ̀. Kíláàsì kẹjọ, tí èmi kò lè mú jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe é.

Agbẹnusọ ká ẹní náà. Ó dárí jì í. Ṣùgbọ́n mo ti kọ lẹ́tà sí Apia, wọ́n sì gbé Fuatino kúrò kí ìdánwò tó dé. Mo gba kíláàsì náà padà, èmi àti ìgbálẹ̀ mi. Ọmọ méjìlélógójì, mẹ́rin ló yege. Mo gbé ìwé búlúù, tó ṣì wà lọ́wọ́ mi, fún Etuale kó lè bá mi gbé e lọ sí Apia lórúkọ mi. Ó gbé e lọ lóòótọ́: ó kà á ní orúkọ ara rẹ̀ níwájú àpéjọ àwọn olùkọ́ ní Suva, wọ́n sì fi ipò ńlá dá a lọ́lá. Odindi ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹ fi ń gbọ́ tí mo ń ṣàròyé pé ọ̀rẹ́ dà mí, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n jí. Ẹ bá mi káàánú. Ẹ bú Etuale fún mi. Ẹ ò rí olè tó ń pe olóko kó wá bá òun mú olè.

Fuatino kò kọ́ ọmọ mọ́. Ẹni tó mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ tí kò ṣeé kọ́, ibùsùn àwọn arúgbó àjèjì ló ń tẹ́ ní Auckland, nílẹ̀ òkèèrè, títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. N kò kọ lẹ́tà kan sí i rí.

Ẹ̀yin olùkọ́ kékeré, bí kíláàsì yín bá le, ẹ yí ọwọ́ padà. Bí ọmọ bá ní ẹ ṣì í, ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sì ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹní tí ẹ rí lórí koríko níta bí ẹ ṣe ń wọlé, tí ẹ rò pé wọ́n sá a sí oòrùn fún ayẹyẹ mi, èmi ni mo jókòó lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá bá mi jókòó. Àwọn tó jókòó ti Fuatino mọ ìdí tí wọ́n fi jókòó.

Lagi, tíṣà kíláàsì kẹjọ, ìwọ lò ń ka ìwé yìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lé ọ lọ́wọ́ láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ. Mo mọ̀ pé mo tún ti tàn ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, dárí ìyẹn náà jì mí bó bá ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo gbà mọ́ ọ lẹ́nu nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ni o ń ké jáde láti àárọ̀ yìí. Bí o bá fẹ́, jáde wá ká ẹní yìí. Bí o kò bá fẹ́, mo gbà. Fi ìwé sílẹ̀, ọmọ mi, kí o jókòó sinmi. O ti dúró pẹ́ jù.