Fídíò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Lórúkọ Darrell

Kendra, ọmọ Darrell, dókítà sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé kí n má retí ìkórè àgbàdo tó ń bọ̀. N kò bínú, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú mi tí n kò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè, nítorí ó ti fẹ́ kàn ọ́ báyìí. Wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ẹ̀bá odò yẹn ń wá ọ fún bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin tó jẹ́ kóòṣì wọn ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá rẹ sì ní o kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Ó ní, "Àwọn yẹn ò fẹ́ irú wa. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní mi ò tó." Kò rí bẹ́ẹ̀, Kendra. Èmi Verlyn Haugen, kóòṣì tó kọ́ bàbá rẹ, èmi ni mo jẹ́ kí ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1988, bàbá rẹ wà ní kíláàsì àṣekágbá, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í tàsé. Nínú oṣù Kejìlá, Kóòṣì Amundson ti kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn wa ọkọ̀ nínú yìnyín wá wò ó. Lẹ́yìn eré, ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń ta gúgúrú. Ó ní, "Kóòṣì Haugen, ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ̀wé, bàbá rẹ̀ ò sì lówó. Ìyẹn nìkan tó kí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé ẹrù owó iléèwé kúrò lórí wọn. Àyè ẹnì kan ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ fi fídíò eré kan ránṣẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí i." Mo mi orí pé mo gbọ́, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kì í fúnni ní nǹkan kan nítorí bọ́ọ̀lù, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? O mọ ògiri ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn eré wa. Ibẹ̀ la máa ń fi àwòrán ọmọ tí yunifásítì ńlá bá fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí. Àwọn ará Elgin Grove, ọ̀tá wa, ti gbé mẹ́rin kọ́. Tiwa kò ní ju ìṣó tí èmi fúnra mi kàn mọ́ ògiri lọ. Bí mo bá wọ ilé kọfí láàárọ̀, àwọn àgbẹ̀ á ní, "Verlyn, ìṣó rẹ ti ń dógùn-ún o. Ṣé ká kúkú bá ọ fi fìlà kọ́ ọ?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń ta mí lára.

Mo sọ fún Darrell pé kí ó má dá wọn lóhùn, àwọn ńlá ń bọ̀. Ó họrí. Ó ní, "Kóòṣì, mo fẹ́ràn ibẹ̀ o. Èmi àti màmá mi ti lọ wò ó. Tìṣà tọmọ iléèwé ló jọ ń jẹun. Mo fẹ́ di dókítà ẹran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fídíò yẹn ránṣẹ́."

Fídíò méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ni ti Elgin Grove, níbi tí bàbá rẹ ti jẹ àmì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Èkejì ni ti oṣù Kíní, ọjọ́ tí ibà mú un. Màmá rẹ̀ pè mí lọ́jọ́ náà pé, "Verlyn, ara ọmọ yìí ń gbóná bí ààrò. Jẹ́ kó sùn." Mo ní, "Arlene, ṣé o fẹ́ kí gbogbo ìlú pàdánù ni?" Darrell ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá, ẹyọ kan ló wọlé. Ó bì sínú garawa nígbà ìsinmi, ó sì padà sínú eré nítorí pé mo wò ó lójú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo mú fídíò kan nínú méjèèjì. Gene Ruhl, olùkọ́ ìṣirò tó máa ń bá wa ya eré, ní, "Kóòṣì, ọwọ́ yín ṣì í. Ti ọjọ́ ibà nìyẹn." Mo ní, "Mo mọ̀." Ó wò mí. "Ọmọ yẹn á máa retí o." Mo ní, "Bí àwọn wọ̀nyí bá fi í sílẹ̀, á ráyè dúró de ti ńlá. Ire rẹ̀ ni mo ń wá." Ire ta ni, èmi àgbà ìyà yìí? Ire ìṣó mi ni.  Gene ló bá mi wá àpòòwé, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́run. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù. Mo jókòó, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé, "Èyí ni eré rẹ̀ tó dára jù lọ lọ́dún yìí." N kò dárúkọ ibà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Darrell dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, lẹ́tà lọ́wọ́. "Kóòṣì, wọ́n ní àwọn ti mú ẹlòmíràn. Ṣé mi ò tó ni?" Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá ti gbà á là. Mo ní kí ó dúró, àwọn ńlá ń bọ̀. Wọn kò wá. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ó wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tó fẹ́ máa wo ẹran sàn. Ibẹ̀ náà ló wà títí dòní. Lọ́dọọdún ló ń gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ wá fún mi, á ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ gbìyànjú fún mi, Kóòṣì." Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ru tèmi fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo sì ń jẹ ẹran ọmọ náà lé e.

Fídíò Elgin Grove ló wà nínú àpótí tó bá lẹ́tà yìí dé. Kọ́kọ́ pe kóòṣì obìnrin yẹn kí o tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó ṣì ní ẹ̀rọ fídíò àtijọ́, kí o mú bàbá rẹ jókòó sí iwájú rẹ̀. Jẹ́ kí ó ka àmì náà fúnra rẹ̀ títí yóò fi pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kí o tó ka lẹ́tà yìí sí i létí. Darrell, mo bẹ̀ ọ́, bí o kò bá tilẹ̀ lè dárí jì mí, jẹ́ kí ọmọ yìí lọ. O tó. O ti tó láti ọjọ́ yẹn. Èmi ni n kò tó.