Ẹ̀rọ Tí Ń Sin Òkúta

[Ọ̀sán ni. Déọlá dúró sínú òjò ní ọgbà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ oko àlòkù, lẹ́yìn Clonsilla, ní Dublin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adélàjà, wà nínú ilé oko ìdílé wọn lẹ́bàá Ìgbẹ́tì. Fóònù dún títí, ó kù díẹ̀ kó já, kí ó tó gbé e.]

DÉỌLÁ: Hẹ́lò? Bọ̀ọ̀dá Làjà, ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́. Màmá ńkọ́?

ADÉLÀJÀ: A dúpẹ́. Ìwọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù—

DÉỌLÁ: Òtútù wà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá. Mo ti dé ọ̀dọ̀ oyìnbó tó ń ta ẹ̀rọ ìtúlẹ̀. Ọkọ̀ tó máa kó ẹrù lọ sí èbúté ti dúró sẹ́nu géètì. Méjì ló kù nílẹ̀, ọ̀kan ni màá mú. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ADÉLÀJÀ: Mo gbọ́... ọ̀kan... géètì—

DÉỌLÁ: Ẹ gun orí àpáta ẹ̀bá ọ̀nà tẹ́ ẹ máa ń gùn yẹn. Ibẹ̀ ni network ti dáa.

ADÉLÀJÀ: Ibí náà dáa. Máa wí.

DÉỌLÁ: Kò dáa o. Ohùn yín ń já.

[Ẹnì kan wúkọ́ lọ́hùn-ún.]

DÉỌLÁ: OK, ẹ gbọ́. Èyí àkọ́kọ́, àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ó fúyẹ́. Tírákítọ̀ èyíkéyìí ló lè gbé e. Àmọ́ oyìnbó ní tó bá fi lè pàdé òkúta, ọ̀bẹ á máa kán ni.

ADÉLÀJÀ: Tó bá kán níbí, ta ni ó bá wa tún un ṣe? Fi ìyẹn sílẹ̀.

DÉỌLÁ: Ìkejì ló wù mí. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni ọ̀bẹ tiẹ̀ ń yí. Ó ń sin òkúta.

ADÉLÀJÀ: Ó ń kí ni?

DÉỌLÁ: Ó ń sin ín. Á ti òkúta sísàlẹ̀, á da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Tó bá kọjá tán, bí ẹni pé òkúta ò débẹ̀ rí. Only that ó heavy gan-an. Ṣé tírákítọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ á lè gbé e?

ADÉLÀJÀ: Ìyẹn? Ilé ló lè wọ́.

OLÙTAJÀ: [lẹ́gbẹ̀ẹ́ Déọlá, ó ń tọ́ka sí ẹ̀rọ kejì] That yoke's grand for stones, missus. No good for rock, now. Is it stones or rock they have?

DÉỌLÁ: One minute, please. Bọ̀ọ̀dá, ó ń bèèrè pé ṣé òkúta tó ṣeé ṣí nílẹ̀ ni, àbí àpáta ló wà nísàlẹ̀? Tó bá jẹ́ àpáta, lásán ni mo sọ owó nù.

ADÉLÀJÀ: Apá òkè, yangí ni. Apá odò... Màmá ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ló máa ń ṣà á.

DÉỌLÁ: Ṣé wọ́n ṣì ń ru òkúta? Bọ̀ọ̀dá, torí kí wọ́n lè sinmi ni mo ṣe wà nínú òjò yìí.

ADÉLÀJÀ: Wọn ò rù ú mọ́.

DÉỌLÁ: Ẹ̀hẹ́n. Wọ́n gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan ṣá. Ẹ dákun, ẹ jáde, ẹ gun àpáta yẹn, mi ò gbọ́ yín dáadáa.

ADÉLÀJÀ: Mi ò lè jáde.

DÉỌLÁ: Òjò ni?

ADÉLÀJÀ: Rárá.

DÉỌLÁ: Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ fẹ́ lọ. Ẹ kàn dìde—

ADÉLÀJÀ: Déọlá, mi ò lè dìde. Màmá ló fẹ̀yìn tì mí.

[Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá. Déọlá fi ọwọ́ dí etí kejì.]

DÉỌLÁ: Ẹ ní kí ni?

ADÉLÀJÀ: Tí mo bá tẹ́ wọn sílẹ̀, èémí ń le. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rí i mí. Láti ìjẹta.

DÉỌLÁ: A jọ sọ̀rọ̀ lánàá.

ADÉLÀJÀ: A jọ sọ̀rọ̀.

DÉỌLÁ: Ẹ ní wọ́n sùn.

ADÉLÀJÀ: Wọ́n sùn nígbà yẹn.

DÉỌLÁ: Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ní báyìí. Màá—

ADÉLÀJÀ: A ti lọ, a ti bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká máa fi ṣíbí fún wọn lómi, ká má sì fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ò bèèrè.

DÉỌLÁ: Mò ń bọ̀.

ADÉLÀJÀ: Pásípọ́ọ̀tì ẹ ti dé?

[Òjò ń rọ̀ lórí páànù.]

DÉỌLÁ: Kò tíì dé. Mo fi ránṣẹ́ kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ẹ̀, kò tíì dé. Bọ̀ọ̀dá, kí ni kí n ṣe?

ADÉLÀJÀ: Ra ẹ̀rọ.

DÉỌLÁ: Bọ̀ọ̀dá.

ADÉLÀJÀ: Kí tún ni kí n ní kó o ṣe? Èmi tí mo wà níbí, kí ni mò ń ṣe? Ra... òjò àkọ́rọ̀... ilẹ̀—

DÉỌLÁ: Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

OLÙTAJÀ: [ó tọ́ka sí awakọ̀ ẹrù] Missus, your man has the engine running. The light one or the heavy one?

DÉỌLÁ: I don't know. Please. I don't know.

MÀMÁ: [ohùn rẹ̀ ti tinrín] Ta nìyẹn?

ADÉLÀJÀ: Déọlá ni, Màmá. Ó fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń sin òkúta.

MÀMÁ: Gbé e sí mi létí.

DÉỌLÁ: Màmá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

MÀMÁ: Àwẹ̀ró. Ṣé o ti jẹun?

DÉỌLÁ: Mo ti jẹun, mà.

MÀMÁ: Irọ́ lo pa. Kí lò ń bèèrè nípa òkúta?

DÉỌLÁ: Ẹ fi òkúta sílẹ̀, Màmá.

MÀMÁ: Èyí tó ṣeé gbé ni. Kò sí èyí tí mi ò gbé rí nínú wọn. Kò sí àpáta nínú oko bàbá yín. [Ó wúkọ́.] Mo kó o títí, kò tán.

DÉỌLÁ: Mo mọ̀, mà.

MÀMÁ: Wọ́n ní ẹ̀rọ ń sin ín. [Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.] Oyìnbó. Ìgbà wo ló máa dé?

DÉỌLÁ: Orí omi ló máa gbà. Bí oṣù méjì.

MÀMÁ: Oṣù méjì.

DÉỌLÁ: Màmá, ẹ má—

MÀMÁ: Ẹni ọmọ sin ló bímọ, Àwẹ̀ró. Rà... [ohùn já] ...rà á fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Òkúta ti sú òun náà.

DÉỌLÁ: Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Mo gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣáájú ẹ délé o.

OLÙTAJÀ: Missus?

DÉỌLÁ: Màmá. Mò ń— Ṣé ẹ gbọ́ mi? Màmá, ṣé ẹ gbọ́—

[Fóònù já.]