Ẹfun Ara Igi Tut

Aago méje òwúrọ̀ yìí ni, Zumrad opa, ẹ̀gbọ́n mi, òjò ń ṣẹ̀ wínníwínní, ni ẹnjiníà ọgbà ẹranko dúró lójú gbogbo àwa òṣìṣẹ́, tó na ìka sí mi pé èmi ni mo pa igi yín! Èmi, Ergash! Ẹ má wolẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ojú mi. Ṣé èmi ni mo gbé ayùn?

Ọgbà ẹranko ló fẹ́ sọ ẹ̀yìn ògiri wa di pápá Áfíríkà. Àgùnfọn, ẹtu, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, gbogbo wọn á jọ máa jẹ̀ kiri láìsí àgò, yàrà jíjìn nìkan ló máa wà láàárín wọn àti èrò ìwòran. Ó dáa. Ta ló bá wọn jà? Mo rí àwòrán tí wọ́n yà. Àwọn igi tut yín, tí kòkòrò sílíkì yín ń jẹ ewé wọn, wà nínú rẹ̀, wọ́n ní àgùnfọn á máa já ewé wọn jẹ. Igi gbígbẹ mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ gé. Ẹnjiníà ní kí n fi ẹfun sàmì sí wọn, mo sì sàmì. Kí ni mo tún ṣe? Ẹ̀n?

Bẹ́ẹ̀ ni, Navruz, ọdún tuntun wa, dé lóṣù tó kọjá. Ẹ dúró ná! Látìgbà tí ọkọ yín ti kú, ta ló ń bá yín kun ìdí igi lẹ́fun lọ́dọọdún kí kòkòrò má bàa gùn ún? Èmi kọ́? Ẹ bu sumalak, oúnjẹ ọdún, fún mi, ẹ tún ṣàdúrà! Ilé wo ládùúgbò yìí ni kì í kun igi? Ẹnjiníà, àlejò tí kò rí i rí, wá ń bi mí pé kí ló dé tí mo kùn ún! Kí n sọ fún Navruz pé kó má wá?

Àwọn agégi tó kó bọ̀ láti ẹ̀yìn odi, àlejò bíi tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé èyí tó bá ní ẹfun. Wọ́n gé tiyín náà lánàá. Wọ́n wá ní èmi!

Níbo ni mo wà nígbà tí wọ́n ń gé e? Ìbéèrè wo nìyẹn? Háà, opa.

Mo wà níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti ṣèlérí pé èmi ni màá máa bọ́ àgùnfọn, mi ò fẹ́ dá ọ̀gá lọ́wọ́ kọ́. Mo rí i pé tiyín ni ayùn kọjú sí. Mo ní ẹnìkan á sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ wó, mo ní bóyá ọ̀kan yẹn náà ni. Ife tíì wà lọ́wọ́ mi, mo sì mu ún tán.

Ẹ sunkún, ẹ ṣépè fún mi, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ewé rírọ ilẹ̀ yìí fún kòkòrò sílíkì yín, yóò pa wọ́n. Ebi ti mú kí gbogbo wọn gbé orí sókè nínú yàrá, bí wọn ò bá jẹun lónìí, wọn ò ní hun nǹkan kan lọ́dún yìí.

Iṣẹ́ ńkọ́? Kí àgùnfọn fi ọrùn gígùn rẹ̀ wá ẹlòmíràn! Igi tut wà létí odò lókè, màá gé ewé rẹ̀ wá, lónìí, lọ́la, títí wọn á fi hun. Ẹ fún mi ní dòjé yẹn. Rárá, ẹ má tíì dárí jì mí o. Dòjé ni mo bèèrè.

Ẹ ṣé. Mo ń lọ.